Mo Gun Òkè Ìbàràpá Lọ Bá Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará Ìgbọ́kọ̀dá tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń bi mí pé, "Tísà, báwo ni ìlú Ìbàràpá ṣe rí?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Ẹnu ti ń ro mí. Àwọn kan nínú yín fẹ́ gbọ́ nípa ìbejì. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé òkúta ibẹ̀ ga ju òpó iná lọ. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré ló béèrè ohun tí mo bá lọ, ńṣe ni wọ́n sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń béèrè. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nìkan, kó ka díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kó sì pa ìwé dé.

Irun àti èékánná Bọ̀sún, àbúrò mi, ni mo bá lọ. Ìyá mi ló rán mi.

Ẹ rántí bí òkun ṣe gba àdúgbò wa. Ilé bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, ilé ìwé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni omi wá wọ́ ibojì bàbá mi gan-an lọ. Àwa yòókù kó ẹrù wá sí Ìgbọ́kọ̀dá, a háyà yàrá. Bọ̀sún ní òun kò lè jókòó sínú yàrá háyà máa ka igi àjà. Ó gbọ́ pé àwọn ọmọ wa kan ń pẹja nínú adágún kan lókè Ìbàràpá, níbi tí wọ́n ti dí odò, ó sì ká àwọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Kò fẹ́ràn fóònù. Bí a bá pè é lónìí, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó pè padà, nígbà tó sì yá nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. A rò pé ìwà rẹ̀ náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja yẹn ló padà wálé, tó wá jókòó sí iwájú Màmá, tó sọ pé omi ti gbé Bọ̀sún lọ, ó sì ti pẹ́.

Màmá kò sunkún lójú wa. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló gé èékánná rẹ̀?"

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tó ń béèrè. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí kò ṣeé gbé wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n sin ín sílé. Bí òkú ìdálẹ̀ ṣe ń délé nìyẹn. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sọ fún Màmá pé ọkàn kì í gbé inú èékánná. Ó wò mí tìtì. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ọkàn." Bí ilé ìwé ti gba ìsinmi báyìí ni mo gbọ̀nà.

* * *

Ọ̀nà jìn, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Òjò wínníwínní ló bá mi wọ Ìgbó-Ọrà. Ọ̀run ṣú, ilẹ̀ pupa, gbogbo nǹkan rí bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò gbẹ. Ọlọ́kadà tó gbé mi kò tíì lọ jìnnà tó fi yíjú padà bi mí pé, "Bàbá, Táyé ni yín ni àbí Kẹ́hìndé?" Mo ní èmi kò ní ìkejì. Ó ní, "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o," bí ẹni pé mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi kan kò sí.

Òótọ́ ni ti ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ ni. Mo rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ya igi ní ìsọ̀ káfíńtà, ojú kan náà, irùngbọ̀n kan náà, wọ́n sì ń bú ara wọn. Bí ẹ bá dúró lójú pópó tí ẹ pe "Ìyá Ìbejì!", àwọn tó máa dáhùn á tó kún ọkọ̀.

Mo wọ ilé oúnjẹ kan. Láfún funfun ni wọ́n gbé fún mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, ìyẹn ewé ilá tí wọ́n sè tó ń fà. Wọ́n ní òun ló ń fa ìbejì. Mo wá ẹja inú rẹ̀ títí, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ ni mo bá pàdé. Ó dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará omi kì í mọ̀ pé kò sí egungun láti yọ. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ ń wò mí láti ẹ̀yìn ìkòkò.

"Bàbá, níbo lẹ ti wá? Yorùbá yín ń dún bí orin."

"Ìlàjẹ ni, etí òkun."

"Ẹ̀yin lẹ wá láti ibi tó jìn tó yẹn! Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ṣé ọjà lẹ wá ná ni àbí ẹbí lẹ wá kí?"

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́, àárẹ̀ ló mú mi. Mo ní àbúrò mi kan ló kú sínú adágún ìhà Ayétẹ̀, mo wá wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fi òkèlè sẹ́nu dá a padà sínú abọ́. Ló bá ṣan ọwọ́, ó dìde, ó wá síwájú mi. "Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́." Bí ó ti lọ jókòó ni ẹlòmíràn dìde. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló kí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí mi ò rí rí, títí kan ọmọge kan tó wá ra oúnjẹ sínú ike. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ikú Bọ̀sún, ẹnì kankan kò tíì kí mi báyẹn. Nílé níbí, ńṣe ni ẹ ń sọ pé ọmọ Ìlàjẹ kì í kú sómi adágún, pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló pa á. N kò lè jẹ oúnjẹ náà tán.

* * *

Láti Ìgbó-Ọrà lọ sí Tápà títí dé Ayétẹ̀, òkúta ló ń pàdé ẹni. Nílé wa, bí ẹ bá fẹ́ sọ òkò lu ẹyẹ, ẹ ní láti ra òkò. Níbẹ̀, òkúta kan ṣoṣo tóbi ju àdúgbò wa lọ, ó jókòó sáàárín oko ẹ̀gẹ́ bí àgbà tí inú ń bí. Òkè tí mò ń lọ náà kò ní orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn. Òkè ni wọ́n ń pè é, ó tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni adágún wà.

Wọ́n júwe abà Bàbá Ìdòwú fún mi, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bọ̀sún gbé. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́. Ó bí ìbejì kó tó bí Ìdòwú, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì pọ̀ jù nílẹ̀ yẹn, ìyẹn ni wọ́n fi ń fi ọmọ kẹta pè é. Kò bi mí ní ohun tí mo wá ṣe. Ó fún mi lómi. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìdòwú, gbé wàrà tútù tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní wá, ó bu iyọ̀ sí i. Wọ́n bèèrè ọ̀nà, wọ́n bèèrè òjò, wọ́n bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi àti àwọn ọmọ tí wọn kò mọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí àyè sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Bọ̀sún ni mí."

Bàbá Ìdòwú dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìdòwú ló bú sẹ́kún, ó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ n wojú yín! Etí yẹn! Etí ẹ̀ gan-an rèé!" Nígbà tí bàbá padà wọlé, ó ti fọ ẹsẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù oko, ó wọ bùbá mímọ́, ó dé fìlà. Ó jókòó tì mí lórí àga onígi. Ìgbà yẹn ló tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Etí omi la sin ín sí, Tísà, níbi tómi gbé òkú ẹ̀ jù sí, bí wọ́n ṣe ń sin ẹni tómi bá pa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà sẹ́yìn. Òjò ti wá mú un kún báyìí, ó ti bo ojú oórì náà. Ẹ ò lè dé bẹ̀ àyàfi lẹ́ẹ̀rùn."

Mo bi í pé irun ńkọ́, èékánná ńkọ́.

"A gé e. Èmi fúnra mi ni mo gé e."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Òun ni ìyá wa ní kí n gbà wá."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Kò sí nílé yìí mọ́," ló wí. "A ti sin ín. Orí òkè la sin ín sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ máa rí i."

Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n má tàn yín. Ta ló ní kí wọ́n sin ohun tí kì í ṣe tiwọn? Mo dùbúlẹ̀, mò ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màmá.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé gígun òkè dà bí gígun àtẹ̀gùn, ẹ kú ìrònú. Kò sí ibi tí ẹ máa gbé ọwọ́ lé. A la oko ẹ̀gúsí kọjá nísàlẹ̀, níbi tí bàrà sùn káàkiri ilẹ̀ láàárín ewé, a wọ igbó kékeré kan tí omi ń kán nínú rẹ̀, lójijì ilẹ̀ tán, àpáta bẹ̀rẹ̀. Òjò ti mú kó máa yọ̀. Bàbá Ìdòwú, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń lọ bí ẹni tó ń lọ sí ilé ọ̀rẹ́. Èmi bọ́ bàtà. Nígbà tó yá mo bọ́ ìtìjú náà, mo ń fi ọwọ́ àti eékún lọ. Èmi tí mo lè sáré lórí afárá igi tó ń mì lójú omi láti kékeré, àyà mi ń já lórí ohun tí kò mì rárá.

"Ẹ má wo ìsàlẹ̀, Tísà. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ni kẹ́ ẹ máa wò."

"Bàbá, ṣé ènìyàn máa ń yọ̀ ṣubú níbí?"

"Ẹran màlúù ló máa ń ṣubú. Ènìyàn ní ọgbọ́n, ó ń rákò."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Kùrukùru bo ibi gbogbo. A sinmi lábẹ́ igi oṣè ńlá kan tó hù láti inú pàlàpálá òkúta, a jẹ ẹ̀wà sísè tí Ìyá Ìdòwú dì fún wa. Ibẹ̀ ni kùrukùru ti ká díẹ̀, tí mo fi rí adágún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó lẹ́wà. Ó tẹ́ rẹrẹ láàárín àwọn òkè, àwọ̀ rẹ̀ bí àwọ̀ ọ̀run tó ṣú, kò sí ìgbì kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sin ènìyàn síbẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú òun rí i. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí mi ò rí nínú omi kankan rí. Igi ló yọrí jáde láàárín rẹ̀, igi gbígbẹ, àwọ̀ eérú lásán, lọ́tùn-ún lósì, títí dé ibi tí ojú mi mọ.

"Oko bàbá mi nìyẹn," Bàbá Ìdòwú ló wí. Ó fi ẹnu ọkọ́ júwe rẹ̀. "Ibi tí igi mẹ́ta dúró sójú kan yẹn, ebè iṣu wa ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dí odò, ẹnì kankan ò gé igi. Omi kàn ń gùn ún ni, lójoojúmọ́, títí ó fi bò ó. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí kéré, èyí tó pọ̀ ń bẹ nísàlẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Mo wà létí omi, mò ń fọ ẹ̀gúsí. Àwọ̀n ẹ̀ há. Mo rí i tó ń fà á, tí ọkọ̀ ń tẹ̀. Mo pariwo, mo ní, 'Bọ̀sún, gé e! Fi sílẹ̀!' Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, 'Bàbá, ṣé ẹ rí ẹja tó ń bẹ̀rù omi rí?' Ó bẹ́ wọlé. Ó jáde, ó mí, ó tún wọlé. Mò ń retí ẹ̀, mo ṣì di ẹ̀gúsí mọ́wọ́. Tísà, kò jáde mọ́. Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹnì kankan ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lábà wa. Gbogbo wa dúró létí omi, à ń pè é lórúkọ."

Ẹ̀yin ará mi, ó yé mi wàyí, ó sì yẹ kó yé ẹ̀yin náà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní omi tiwa, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí àwọ̀n bá há, kùkùté kan ni, ẹni tó ni ín á wọlé lọ tú u. Bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Apẹja tó bá gé àwọ̀n rẹ̀ sómi, ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó rẹ̀ gan-an á gbọ́ ọ lọ́jà. Bọ̀sún ṣe ohun tí ọmọlúàbí apẹja ń ṣe. Ṣùgbọ́n omi tó wọ̀ yẹn, igbó ni. Odindi igbó ló wọ̀ nínú òkùnkùn, ẹ̀ka igi dì í mú, kò sì sí ẹnì kankan tó lè wọlé tọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ẹ fi àjẹ́ sílẹ̀.

Mo sunkún lábẹ́ igi oṣè yẹn. Bàbá Ìdòwú kò ní kí n dákẹ́. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo oko bàbá rẹ̀.

* * *

Nígbà tí a dé orí, a kò dá nìkan wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìbàdàn ti wà níbẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà kejì gùn ún. Wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ń fi adágún ṣe ẹ̀yìn fọ́tò, wọ́n ń na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn jókòó lórí òkìtì òkúta kékeré kan, ó ń mu omi inú ike.

Bàbá Ìdòwú dúró. Mo rí i lójú rẹ̀, mo mọ ohun tí òkìtì náà jẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú àárẹ̀. Ṣé òkè ò mú yín púpọ̀?"

"Ẹ káàsán sà! Òkè yín ga o, sà. Ẹ̀yin náà wá ṣe háíkìn ni?"

"Ara wa le dáadáa," ló dáhùn, kò mọ̀ pé eré gígun òkè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yí sí ọmọbìnrin náà, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi dìde níbẹ̀ yẹn. Àbúrò bàbá yìí ló wà níbẹ̀."

Ọmọ náà fò dìde bí ẹni tí iná jó. Ó wo òkìtì náà, ó wò mí. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta, ó ń bẹ̀ mí, ó ní òun kò mọ̀, kí n máà bínú. Mo ní kò sí nǹkan kan, kó dìde. Wọ́n rọra kó báàgì wọn, wọ́n bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ fìlà rẹ̀ bó ti ń kọjá. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí kò mọ̀, kò mọ̀.

Bàbá Ìdòwú tún òkúta kan tó yẹ̀ tò.

"A dúró dè yín, Tísà. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tún padà dé. A dì í sínú aṣọ funfun, a fi há àjà. Ìyá Ìdòwú ò lè sùn mọ́, ó ní àlejò kì í gbé inú àjà. A bèèrè àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí omi mìíràn. 'Etí òkun' nìkan la gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Èmi ò rí òkun rí. Mo wá bi dírẹ́bà kan n'Ígbó-Ọrà, mo ní níbo gan-an lòkun wà. Ó nawọ́. Mo wò ó dáadáa, mo mú un sọ́kàn wálé. Ibí yìí ló ga jù tó kọjú síbẹ̀. Mo ní tí ò bá tiẹ̀ lè délé, kó máa rí ọ̀nà."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Òkè ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ òkè mìíràn, lẹ́yìn ìyẹn ìkúùkù. Kò sí ojú tó lè rí òkun láti ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ̀nà, pé ọmọ tí wọ́n bí sójú omi, tó fi igi afárá kọ́ ìrìn, kì í sùn lórí àpáta. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo wo ojú àgbàlagbà náà, tó ru èékánná ọmọ ọlọ́mọ gun ibi tí mo rákò gùn, mo sì gbé e mì.

"Tiyín ni o," ó wí. Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀ síwájú mi. "Ẹ wò ó, a kì í sin nǹkan tán ká tún hú u. Àmọ́ ìyá ló bí i. Tẹ́ ẹ bá ní kí n hú u, mo máa hú u báyìí."

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé òkúta àkọ́kọ́ kúrò, mo gbé ìkejì. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó ti rọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀ nínú pàlàpálá àpáta, koríko kékeré ti hù lórí rẹ̀. Mo ki ìka mi bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà. Mo wá bi ara mi léèrè ohun tí ó yẹ kí n ti bi ara mi kí n tó kúrò nílé. Níbo ni mò ń gbé e lọ? Ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ló yẹ kí a sin ín sí, bàbá wa sì wà nísàlẹ̀ òkun. Ṣé ilẹ̀ onílẹ̀ tí a háyà ni mo máa gbẹ́? Ṣé etí omi ni, kí òkun tún wá gbé e lọ lójú Màmá? Omi ti gba Bọ̀sún lẹ́ẹ̀kan.

Mo dá òkúta padà.

Bàbá Ìdòwú gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. A jọ gbàdúrà, èmi ní orúkọ Jésù, òun ní ti Ànábì, a jọ ṣe àmín. Mo bẹ̀rù sísọ̀kalẹ̀ ju gígùn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ kì í ṣe òkè náà. Ìyá mi ni. Ó rán mi ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

* * *

Ìyá Ìdòwú di ẹ̀gúsí fún mi kí n gbé e fún Màmá, ó ní kí n sọ fún un pé àwọn kò fi ọmọ rẹ̀ ṣeré. Mi ò ní sọ ọ̀nà àbọ̀. Òjò ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti lọ, ibẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Gbé e fún mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn ará ilé ń wò. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀." Mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, adágún, igi inú omi, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe dúró dè wá, òkìtì òkúta lórí òkè. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó nà wọ́n sí ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Mo retí pé kó bú mi. Mo retí pé kó fi mí gégùn-ún, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

"Òkè náà, ṣé ó ga?"

"Ó ga, Màmá. Ìkúùkù ń bà lé e."

"Ṣé omi lè dé bẹ̀?"

"Omi ò lè dé bẹ̀ láé."

Ó wo ọ̀nà òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló dí i. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ rẹ̀ jọ sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò kan pa èékánná èkejì.

"Bí mo bá kú, gé tèmi. Gbé e lọ bá a."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí lẹ máa sùn sí."

"Ìlú wo?" Ó béèrè rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Bàbá yín, mi ò mọ ibi tí òkun gbé e dé. Mi ò lè wá a. Ibi tí omi ò dé ni kí o gbé mi lọ."

Mo sọ fún un pé èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, pé mo rákò gun òkè náà, pé ìgbà kan ṣoṣo náà ló fẹ́ pa mí.

"Wàá gùn ún," ló wí.